Èkó sí New York: Ohun Tí Iye Kìlómítà àti Iye Wákàtí Ń Sọ fún Arìnrìn-àjò

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Abẹ́òkúta ń múra láti lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní New York. Ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun ṣírò iye wákàtí tí òun yóò lò lójú òfurufú, nítorí pé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé aago kan náà lójoojúmọ́ ni kí ó máa lò ó. Kí n tó dé, ẹni mẹ́ta ti dá a lóhùn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, ó rí i pé aago 11:30 alẹ́ ni ọkọ̀ yóò gbéra ní Ìkẹjà, aago 5:00 ìdájí ni yóò sì gúnlẹ̀, ó ní wákàtí 5 àti ààbọ̀ ni. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí kìlómítà 8,444 àti wákàtí 10 ó lé díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní New York ní kí Màmá ka gbogbo rẹ̀ sí odidi ọjọ́ kan.

Ọkàn ìyá náà dàrú, ó rò pé ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn kò mọ ohun tó ń sọ. Bẹ́ẹ̀ rèé, ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn láìmọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń yọ aago ìlú kan kúrò lára aago ìlú mìíràn. Ẹnì kejì ń ka ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹni pé kò sí afẹ́fẹ́ lójú ọ̀run. Ẹnì kẹta ń ka ìrìn-àjò láti ẹnu ọ̀nà ilé kan dé ẹnu ọ̀nà ilé kejì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti ya àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sọ́tọ̀ lára wọn, kí ẹni tó fẹ́ rìn, tàbí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé àlejò, lè mọ èyí tí òun ń béèrè gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iye kìlómítà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá sọ pé kìlómítà 8,444 ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà àti pápákọ̀ òfurufú John F. Kennedy ní New York, ọ̀nà tó kúrú jù lọ lórí ilẹ̀ ayé láti ojú kan sí ojú kejì ló wọ̀n. Kò wo ibi tí ọkọ̀ máa ń gbà, kò wo afẹ́fẹ́, kò tilẹ̀ wo bóyá ọkọ̀ kan wà tó ń fò láti ibí dé ibẹ̀ láìdúró. Bí ẹ bá fún un ní orúkọ pápákọ̀ òfurufú méjì tí ọkọ̀ kankan kò so pọ̀ rí, yóò fún yín ní iye kìlómítà bákan náà, yóò sì fi iye wákàtí kún un pẹ̀lú ìdánilójú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó kúrú jù lọ yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí pé orí àwòrán ayé tó tẹ́ pẹrẹsẹ, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri kíláàsì, ni a ti kọ́ bí a ṣe ń wo ayé. Ilé ayé kò tẹ́. Bí ẹ bá ní gílóòbù ilé ìwé nítòsí, ẹ mú òwú kan, ẹ fi ìka tẹ orí òwú náà mọ́ Èkó, ẹ na ìdí rẹ̀ dé New York, kí ẹ sì fà á títí tí yóò fi le. Ojú ibi tí òwú náà bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ. Bọ́ọ̀lù lásán tí a fi bírò sàmì sí náà yóò ṣe é. Tí ẹ bá wá fi ojú ọ̀nà òwú yẹn wé ìlà tí ẹ fi rúlà fà lórí àwòrán ara ògiri, ẹ ó rí i pé ti òwú tẹ̀ sí ìhà àríwá ju ti rúlà lọ.

Ọ̀pọ̀ èrò ló gbà pé kété tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà bá ti gbéra ní Ìkẹjà, orí òkun ni yóò bọ́ sí, nítorí pé Amẹ́ríkà wà ní òdìkejì òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó kúrú jù lọ láti Èkó sí New York dorí kọ àárín àríwá àti ìwọ̀-oòrùn. Ó gba orí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ó kan apá àríwá Gánà, ó la Burkina Faso àti Málì kọjá, ó gba aṣálẹ̀ Mauritania, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó já sí òkun Àtìláńtíìkì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọ̀nà náà ló jẹ́ orí ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lóru tó sì ń wá òkun kò ní rí nǹkan kan fún bíi wákàtí mẹ́ta ju iná ìlú kọ̀ọ̀kan tó jìnnà síra lọ, kò sì túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ṣìnà.

Ti Lọ́ńdọ̀nù tún rọrùn láti fojú inú wò, nítorí pé ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òkè Èkó gan-an. Ọ̀nà tó kúrú jù lọ sí pápákọ̀ òfurufú Heathrow, tí ó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5,004, gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí Ṣakí, ó wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó gba igun Nìjẹ̀r, Málì àti Àlìjéríà, ó kọjá òkun Mẹditaréníà, ó wá la Sípéènì àti Faransé já. Bí ayé ṣe rí róbótó tún hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà Dubai sí Los Angeles, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 13,400: lórí àwòrán ara ògiri, ènìyàn yóò rò pé Áfíríkà àti òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n yóò fò kọjá, ṣùgbọ́n orí Rọ́ṣíà àti ẹ̀gbẹ́ òpin ayé ti àríwá, níbi tí yìnyín wà, ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ gbà.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ jíjìnnà, ẹ ṣọ́ra fún òṣùwọ̀n. Ojú ọ̀nà Èkó sí New York yìí kan náà ni ẹlòmíràn yóò kọ ní 5,247, tí ẹlòmíràn yóò sì kọ ní 4,559. Kìlómítà ni 8,444, máìlì tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti ará Bìrìtìkó ń lò ni 5,247, máìlì ojú òkun tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò ni 4,559. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609, máìlì ojú òkun kan jẹ́ mítà 1,852. Mo ti rí àwọn tó ń jiyàn lórí èyí nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú kì í sábà rìn lórí òwú yẹn gẹ́lẹ́. Ojú ọ̀run ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ní ẹnu ibodè. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni òfurufú tó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀, ó sì lè tì í. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀r, wọ́n ti òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ rántí pé Nìjẹ̀r wà lójú ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù gan-an, Líbíà tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ sì jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti ń yẹra fún tẹ́lẹ̀ nítorí ogun. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Yúróòpù ní láti yà bàrá, kí ó gbé epo púpọ̀ sí i, kí ó sì pẹ́ sí i lójú ọ̀nà. Pápákọ̀ òfurufú méjèèjì kò sún kúrò níbi tí wọ́n wà, iye kìlómítà orí kọ̀ǹpútà kò sì yí padà, àmọ́ ìrìn-àjò gùn. Èyí tó le jù ni ti Helsinki sí Tókíò. Láti ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti ti òfurufú rẹ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ Yúróòpù, ìrìn-àjò tí kò ju wákàtí 9 àti ààbọ̀ lọ tẹ́lẹ̀ di nǹkan bíi wákàtí 13.

Ó tó àsìkò láti sọ̀rọ̀ wákàtí. Ọkọ̀ òfurufú ńlá tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn máa ń sá tó nǹkan bíi kìlómítà 900 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ tó yí i ká ni ó ti ń sá eré yẹn, kì í ṣe orí ilẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni gbogbo kókó ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ ojú omi rí mọ̀ pé bí a bá ń tẹ̀lé ìṣàn odò, àjẹ̀ díẹ̀ yóò gbé wa jìnnà, bí a bá sì dojú kọ ìṣàn, agbára yẹn kan náà ni a ó lò tí a kò ní rìn jìnnà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń ṣe fún ọkọ̀ òfurufú.

Ní òkè lọ́hùn-ún, bíi kìlómítà 9 sí 12 lókè orí wa, afẹ́fẹ́ líle kan wà tó ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ní agbègbè tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ìhà ọ̀dọ̀ wa ti ń pàdé afẹ́fẹ́ tútù ìhà àríwá. Ó ń lágbára sí i ní ìgbà òtútù, nítorí pé ìgbà náà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbígbóná àti tútù pọ̀ jù. Nígbà mìíràn, eré rẹ̀ a máa ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì ńlá kan ń jà lórí òkun Àtìláńtíìkì, ọkọ̀ British Airways kan, Boeing 747, fi wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56 fò láti New York dé Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bíi kìlómítà 5,540 ni ọ̀nà náà, ìyẹn ni pé ó ń bo kìlómítà tó lé ní 1,100 mọ́lẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lágbára ju ti àná lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í láti ẹ̀yìn.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi èyí ṣírò ọ̀nà tiwa. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá, kìlómítà 8,444 tí a pín sí 900 yóò jẹ́ wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 23. Bí a bá gbà pé afẹ́fẹ́ ń kọjú sí ọkọ̀ ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, eré orí ilẹ̀ yóò di 840, àkókò náà yóò sì di wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 3. Nígbà tí a bá ń padà bọ̀ tí afẹ́fẹ́ náà ń tì wá, eré yóò di 960, yóò sì jẹ́ wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 48. Afẹ́fẹ́ tí kò tilẹ̀ le púpọ̀ ti fi wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 15 sáàárín àlọ àti àbọ̀. Ìdí nìyí tí ìrìn-àjò láti New York sí Èkó fi máa ń yá ju ti Èkó sí New York lọ. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀: nítorí pé gúúsù sí àríwá ni ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń fẹ́ lu ọkọ̀, àlọ àti àbọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní nǹkan bíi wákàtí 6 àti ààbọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí àlàyé kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa pàápàá. Wọ́n ní ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, nítorí náà Èkó ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ tàbí kí ó máa sá pàdé rẹ̀, ìyẹn ló sì fa ìyàtọ̀. Lóòótọ́ ni ayé ń yí, eré rẹ̀ sì lé ní kìlómítà 1,650 ní wákàtí kan ní agbègbè Èkó. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń bá ilẹ̀ yí, ọkọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà sì ń bá wọn yí. Bí ẹ bá wà nínú mọ́tò tó ń sáré lọ ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí ẹ ju ọsàn sókè, ọwọ́ yín ló ń padà sí, kì í fò lọ bá èrò ẹ̀yìn, nítorí pé eré mọ́tò wà lára ọsàn náà kí ẹ tó jù ú. Bí ayé bá ń yí fi ohun tó wà lójú òfurufú sílẹ̀ ni, hẹlikọ́pítà tó bá gbéra ní Ìkẹjà, tó dúró gbagidi lókè fún wákàtí kan péré, etí òkun níbi tí Sierra Leone àti Liberia ti pààlà ni yóò balẹ̀ sí. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Ìyípo ayé ní ọwọ́ nínú bí afẹ́fẹ́ òkè ṣe ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, ìyẹn jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yẹn ni ọkọ̀ ń bá jà tàbí tí ó ń gùn, kì í ṣe ilẹ̀ tó ń sá lábẹ́ rẹ̀.

Lórí wákàtí ojú òfurufú yìí ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń fi àkókò orí ilẹ̀ kún. Wákàtí tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò níbi tí èrò ti wọ̀ ọ́, ó sì parí nígbà tó bá dúró síbi tí wọn yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Rírìn lórí ilẹ̀ dé ojú ibi tí yóò ti sáré gbéra wà nínú rẹ̀, títò sí ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú wà nínú rẹ̀, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ tí ọkọ̀ kì í lè sá eré 900 wà nínú rẹ̀, yíyí ká lókè New York títí wọn yóò fi fún un láyè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn ló mú kí wákàtí 10 di 11 àti ààbọ̀ ní àlọ, tí ó sì mú kí àbọ̀ tó nǹkan bíi wákàtí 10 àti ààbọ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà tí ọmọ ọmọ ìyá yẹn wò, ìṣirò rẹ̀ rọrùn púpọ̀: ó pín 8,444 sí 850, ó rí wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 56, ó fi ìdajì wákàtí kún un. Kò mọ̀ bóyá àlọ ni tàbí àbọ̀.

Ibi tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù lọ ni aago, mo sì rò pé ìyẹn ló yẹ kí a fara balẹ̀ lé lórí jù. Gbogbo aago tí ẹ bá rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí ọkọ̀ wà ní àkókò yẹn ni. Aago 11:30 alẹ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra jẹ́ aago Èkó, aago 5:00 ìdájí tí yóò gúnlẹ̀ jẹ́ aago New York. Ní oṣù Kìíní, tí ìyá náà yóò rìnrìn-àjò, Èkó fi wákàtí 6 ṣáájú New York. Nígbà tí aago bá lu 5:00 ìdájí ní New York, aago 11:00 òwúrọ̀ ni ní Èkó. Láti 11:30 alẹ́ dé 11:00 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wákàtí 11 àti ààbọ̀ ni. Wákàtí 5 àti ààbọ̀ tí àbúrò rẹ̀ rí jẹ́ ìyókù lẹ́yìn tí ìyàtọ̀ aago ti gbé wákàtí 6 mì.

Àbọ̀ rẹ̀ yóò wá dà bí òdìkejì pátápátá. Ká ní ọkọ̀ gbéra ní New York ní aago 5:00 ìrọ̀lẹ́, tí ó gúnlẹ̀ ní Èkó ní aago 9:30 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó bá kàn yọ aago kúrò lára aago yóò pariwo pé wákàtí 16 àti ààbọ̀ ni. Wákàtí 10 àti ààbọ̀ ni. Ọ̀nà kan wà tí ènìyàn lè fi yẹ èyí wò tí kò bá tilẹ̀ mọ iye tí aago ìlú méjèèjì fi yàtọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí pé kò nílò ìmọ̀ kankan: ẹ ka àlọ bí ó ṣe hàn lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ka àbọ̀ bí ó ṣe hàn, kí ẹ sì ro méjèèjì pọ̀. Ohun tí ìyàtọ̀ aago yọ ní àlọ ni yóò dá padà ní àbọ̀. Wákàtí 5 àti ààbọ̀ pẹ̀lú wákàtí 16 àti ààbọ̀ jẹ́ 22. 11 àti ààbọ̀ pẹ̀lú 10 àti ààbọ̀ náà jẹ́ 22. Ẹ pín 22 sí méjì, ẹ ó rí 11, èyí tó súnmọ́ iye wákàtí tí ẹ ó lò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Nàìjíríà kì í yí aago rẹ̀ padà láti January dé December. Wákàtí kan ló fi ṣáájú aago Greenwich nígbà gbogbo. Àwọn ìlú òkèèrè ló ń yí tiwọn. New York ń ti aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, ó sì ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, nítorí náà wákàtí 5 péré ni Èkó fi ń ṣáájú rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn. Lọ́ńdọ̀nù ń ti tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, ó ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá. Ní ìgbà ooru wọn, aago kan náà ni Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń lò, ní ìgbà òtútù Èkó yóò fi wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó ní ọmọ ní ìlú méjèèjì yóò ti kíyè sí i pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wà lọ́dún tí ìyàtọ̀ tó mọ̀ kì í bá ara mu mọ́, nítorí pé ọ̀kan ti yí aago, èkejì kò tíì yí tirẹ̀.

Ọjọ́ pàápàá ń ṣini lọ́nà ju wákàtí lọ. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ní aago 12:15 òru ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ẹ gbọ́dọ̀ wà ní pápákọ̀ òfurufú, nítorí pé ìṣẹ́jú 15 péré ni ọjọ́ Àbámẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ láti nǹkan bíi wákàtí 20 sẹ́yìn. Àmì +1 kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìgúnlẹ̀ túmọ̀ sí pé ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ yóò dé. Ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé àlejò ló yẹ kí ó wò ó jù. Ní òdìkejì ayé, ọjọ́ tilẹ̀ ń padà sẹ́yìn: ẹni tó bá gbéra ní Auckland ní alẹ́ lè dé Los Angeles ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà.

Títí di ìsinsìnyí, ọkọ̀ tí kò dúró níbì kankan ni mo ń sọ. Bí ìdúró bá ti wọ̀ ọ́, iye kìlómítà tó kúrú jù lọ kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ṣíṣírò wákàtí mọ́. Ẹni tó bá gba Lọ́ńdọ̀nù lọ sí New York yóò rin 5,004 àti 5,540, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,544. Ó ti fi kìlómítà 2,100 kún ọ̀nà rẹ̀, kí a tó sọ ti wákàtí tí yóò fi jókòó de ọkọ̀ kejì. Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti Salvador ní Bahia, ìlú tí àwọn baba ńlá wa pọ̀ sí jù ní Bùràsíìlì, tí wọ́n ṣì ń bọ Ọ̀ṣun àti Ṣàngó. Kìlómítà 5,085 ni láti Èkó, ìyẹn ni pé ó fi kìlómítà 81 péré jìnnà ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Bí ọkọ̀ bá ń fò tààrà láàárín wọn, ènìyàn lè gbéra lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀ kí ó sì dé lọ́sàn-án. Àmọ́ ẹni tó bá gba Lisbon kọjá yóò kọ́kọ́ lọ sí àríwá ní nǹkan bíi 3,793, yóò tún padà wá sí gúúsù lórí òkun ní nǹkan bíi 6,497. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 10,000, ìlọ́po méjì ọ̀nà tó wà láàárín wọn. Ìlú méjì tó jìnnà bákan náà sí wa lórí gílóòbù, ọ̀kan jẹ́ ìrìn-àjò wákàtí 6 àti ààbọ̀, èkejì lè gba odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí òwò àti àṣẹ ti la ọ̀nà sí ni ọkọ̀ ń gbà.

Bí mo ṣe ṣàlàyé fún ìyá náà tán, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Mo fa ìlà méjì sórí ìwé, mo fi bírò dúdú kọ aago Èkó, mo fi pupa kọ ti New York. Yóò kúrò ní ilé ní Abẹ́òkúta ní aago 4:00 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ yóò gbéra ní aago 11:30 alẹ́. Yóò gúnlẹ̀ ní aago 11:00 òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní aago Èkó, tí í ṣe aago 5:00 ìdájí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìwé ìrìnnà, ẹrù àti ọkọ̀ ilẹ̀, ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní nǹkan bí aago 2:00 ọ̀sán ní aago Èkó, aago 8:00 òwúrọ̀ níbẹ̀. Wákàtí 22 ni láti ilé dé ilé, ọmọ rẹ̀ kò sì jìnnà sí òtítọ́.

Aago 8:00 òwúrọ̀ ló máa ń lo oògùn rẹ̀. Ó wo ìwé náà, ó fi ìka tọ ìlà dúdú, ó rí i fúnra rẹ̀ pé aago 8:00 yẹn yóò bá òun lórí òkun Àtìláńtíìkì, nígbà tó bá ku wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ gúnlẹ̀, tí aago yóò sì jẹ́ 2:00 òru ní New York. Ó dìde, ó yọ oògùn náà kúrò nínú àpótí ńlá tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀, ó kó o sínú báàgì ọwọ́, ó sì pe dókítà rẹ̀ láti béèrè aago tí òun yóò máa lò ó láti ọjọ́ kejì lọ.